Ibi tí jíípù ti kan ilẹ̀ ni kí owó yín ti bẹ̀rẹ̀

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. 4Runner ọdún 2000 ni mò ń wà, ẹ́ńjìnnì 3.4, gíà ọtọmátíìkì. Tòkúnbọ̀ ni mo rà á, ó sì ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Kubwa ni mò ń gbé, àmọ́ oko iṣu àti ẹ̀gẹ́ mi wà lẹ́yìn Rubochi, ọ̀nà ibẹ̀ kì í sì ṣe ọ̀nà mọ́ tí òjò bá ti dé. Mo ti tọ́jú mílíọ̀nù méjì náírà láti fi tún un ṣe. Ọmọkùnrin kan níbi iṣẹ́ mi ní kí n fi íńṣì mẹ́rin gbé e sókè, kí n ra táyà ńlá tí wọ́n ń lò fún ẹrẹ̀, bọ́ńpà onírin, winch (ẹ̀rọ tó ń fi okùn fa ọkọ̀ tó rì), àti iná LED gbọọrọ sí orí rẹ̀. Ìyàwó mi ní kí n kúkú tà á. A sì fẹ́ gbé e relé sí Ìkọ̀lé-Èkìtì ní Àjíǹde. Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Bàbá Ìbejì, Kubwa.

Ìdáhùn: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú ọkọ̀, ẹ sì kú wàhálà ọ̀nà oko. Ọ̀rọ̀ tí ìyàwó yín sọ ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí bó bá jẹ́ pé títà ló yẹ ọkọ̀ náà, kò sídìí tí a ó fi máa sọ̀rọ̀ táyà. Ohun kan ṣoṣo ló lè mú mi gbà pẹ̀lú wọn: férémù, ìyẹn irin gbọọrọ abẹ́ ọkọ̀ tó gbé gbogbo rẹ̀ dúró. Púpọ̀ nínú àwọn 4Runner tó ń wọ ilẹ̀ wa, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti wá, wọ́n sì máa ń da iyọ̀ sí títì níbẹ̀ láwọn ibi tí yìnyín ti ń bọ́. Iyọ̀ yẹn ló ń jẹ irin láti inú wá síta, tí ọ̀dà ara rẹ̀ á ṣì máa dán. Ẹ mú òòlù kékeré, ẹ wọ abẹ́ ọkọ̀, ẹ máa fi kan férémù díẹ̀díẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn. Kí ẹ dúró pẹ́ díẹ̀ lókè ásù ẹ̀yìn (irin tó so wíìlì ẹ̀yìn méjèèjì pọ̀), níbi tí àwọn ọ̀pá tó di ásù náà mú ti so mọ́ férémù. Bó bá ń dún kangó kangó, irin ṣì wà níbẹ̀. Bó bá ń dún bí igi tí ikán ti jẹ, tí ìpẹ́ sì ń já bọ́ sí yín lójú, ẹ gba ti ìyàwó yín, ẹ má ná kọ́bọ̀ lé e. Wẹ́dà lè dí ojú ihò, àmọ́ kò lè dá irin tí iyọ̀ ti jẹ padà.

Bí férémù bá yè, ẹ má tà á o. Iye tí wọ́n máa fún yín lórí rẹ̀ kò ní ra ọkọ̀ mìíràn tó lè gba ọ̀nà Rubochi bíi tiyín. Ẹ́ńjìnnì 3.4 yẹn kò ní wàhálà, kò sí mẹkáníìkì gidi ní Apo tí kò mọ ọwọ́ rẹ̀, ohun tí ẹ kò bá sì rí ní Zuba, wọ́n á fi ránṣẹ́ sí yín láti ọjà Ládípọ̀ ní Èkó. Bí ẹ kò bá rántí ìgbà tí wọ́n pààrọ̀ tímíǹgì bẹ́líìtì rẹ̀ kẹ́yìn, ẹ kà á sí pé wọn kò pààrọ̀ rẹ̀ rí. Nǹkan bíi 145,000 kìlómítà ni Toyota dá fún un. Kí wọ́n pààrọ̀ pọ́ǹpù omi pẹ̀lú rẹ̀, torí ibi kan náà ni wọ́n máa tú.

Wàyí o, ẹ wo ohun tí ọmọkùnrin yẹn kà sílẹ̀ fún yín. Gbogbo rẹ̀ pátá ni ènìyàn lè rí láti òdìkejì títì. Èyí tí èmi fẹ́ kí ẹ náwó lé, abẹ́ ọkọ̀ ló wà, kò sẹ́ni tó máa kí yín kú oríire rẹ̀. Ẹ̀yin náà mọ bí ọ̀nà ìhà ibí ṣe rí báyìí. Ibi tí ọkọ̀ bá kú sí ti wá ṣe pàtàkì ju bó ṣe ga tó lọ. Kò sẹ́ni tó yẹ kó dúró lẹ́bàá ọ̀nà lẹ́yìn Abaji ní aago méje alẹ́, kó máa fi iná fóònù wá ohun tó já lábẹ́ ọkọ̀. Ìyẹn ni mo fi ń wọn gbogbo owó tí oníbàárà mi bá ní lọ́wọ́: èwo nínú nǹkan wọ̀nyí ni kò ní jẹ́ kó dúró sójú ọ̀nà?

Bọ́ọ̀lù jọ́ìntì ìsàlẹ̀ níwájú ló ṣáájú, ìyẹn oríkèé irin tó so wíìlì mọ́ apá ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ọkọ̀. Lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ńṣe ni ìwúwo ọkọ̀ ń tẹ bọ́ọ̀lù yìí mọ́ inú ilé rẹ̀. Bó bá jẹ, á máa pariwo, àmọ́ á ṣì jókòó síbẹ̀. Ti 4Runner yín yàtọ̀. Bí wọ́n ṣe to ẹsẹ̀ rẹ̀, ìwúwo ọkọ̀ ń fa bọ́ọ̀lù náà jáde kúrò nínú ilé rẹ̀ nígbà gbogbo, kódà nígbà tí ẹ bá páàkì síwájú ilé. Ọjọ́ tí ilé rẹ̀ bá jẹ débi tí kò lè dì í mú mọ́, bọ́ọ̀lù á yọ, wíìlì á sì wó sábẹ́ ọkọ̀. Ní 2005, Toyota pe 4Runner ọdún 2001 àti 2002 padà ní Amẹ́ríkà nítorí bọ́ọ̀lù jọ́ìntì yìí kan náà. Tiyín kò sí lára wọn, àmọ́ irú ẹsẹ̀ kan náà ló gbé e dúró.

Mo mọ ohun tí mò ń sọ, torí ó ti ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́ mi rí. Oníbàárà mi kan gbé irú ọkọ̀ yìí wá, mo sì ra bọ́ọ̀lù jọ́ìntì méjèèjì fún un lọ́wọ́ ẹni tí mo ti ń bá ra ọjà ọjọ́ ti pẹ́. Páálí rẹ̀ mọ́ tónítóní, ìwé tó wà lára rẹ̀ kò lábùkù. Kò pé oṣù mẹ́fà tí wọ́n pè mí láti Gwagwalada pé wíìlì ọ̀tún ti dojú bolẹ̀ níbi tó ti fẹ́ yí orí ọkọ̀ padà. Eré rẹ̀ kò ju 20 lọ, Ọlọ́run ló kó o yọ. Ká ní orí ọ̀nà Kàdúná ni, lórí eré 110, ọ̀rọ̀ mìíràn là bá máa sọ. Mo gé ohun tí mo fi síbẹ̀ sí méjì nígbà tí mo gbé e dé ṣọ́ọ̀bù: gíríìsì inú rẹ̀ kò ju èyí tí a lè fi ìka kan nù tán lọ, irin ilé rẹ̀ sì fẹ́lẹ́. Ayédèrú ni, ọwọ́ èmi ló sì gbé e síbẹ̀. Mo san gbogbo àtúnṣe rẹ̀. Ẹni tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n: láti ìgbà náà, n kì í fi ohun mìíràn sí ìsàlẹ̀ 4Runner bí kò ṣe ti Toyota fúnra rẹ̀, mo sì máa ń sọ fún oníbàárà pé kó lọ rà á ní ibi tí wọ́n á ti fún un ní rìsíìtì tó ní orúkọ àti àdírẹ́sì. Ó wọ́n, mo mọ̀. Bóòtì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tó dì í mú, ẹ ra tuntun pẹ̀lú. Ní ti bọ́ọ̀lù jọ́ìntì òkè àti tie rod (ọ̀pá tó ń yí wíìlì), ojúlówó 555, ilé iṣẹ́ Jàpáànù kan, ti tó fún wọn.

Kí ẹ tó ná owó yẹn, ẹ yẹ èyí tó wà níbẹ̀ wò. Ẹ fi jáàkì gbé iwájú sókè, kí ẹnìkan di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀, kó máa mì í, kí ẹnìkejì fi iná wo bọ́ọ̀lù náà. Bí ó bá ń rìn, tàbí tí rọ́bà tó bò ó bá ti ya, tí iyanrìn ti wọlé, ẹ má gbé e lọ sí Ìkọ̀lé. Rọ́bà tó ya ló burú jù ní apá ibí, torí eruku ọyẹ́ á wọnú gíríìsì, á sì máa lọ irin bí ọlọ.

Táyà ló kàn, òun ni yóò sì jẹ owó yín jù, ó lè gba ìdajì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kó gbà á. Nínú gbogbo ohun tí ẹ lè rà fún jíípù, kò sí èyí tó ń yí bó ṣe ń rìn padà tó táyà mẹ́rin tó dára. Ẹ má ra táyà ẹrẹ̀ tí ọmọkùnrin yẹn ń sọ, èyí tí wọ́n ń pè ní M/T. Ó dára nínú ẹrẹ̀, mi ò jiyàn, àmọ́ láti Kubwa dé Kuje, orí títì lẹ ó wà. Lórí títì tó tutù, M/T kò dì í mú dáadáa, ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn gbọ́ ohun tí wíìlì ń sọ fún un, ó sì ń tètè jẹ. A/T ni kí ẹ rà, èyí tí wọ́n ṣe fún títì àti ọ̀nà oko pọ̀. Ó máa gbé yín dé oko lọ́jọ́ púpọ̀, ọjọ́ tí kò bá sì lè gbé yín dé, ọjọ́ yẹn ló yẹ kí ẹ jókòó sílé.

Ẹ ka ohun tó wà lára táyà tí ẹ ní báyìí. Àwọn kan nínú ọkọ̀ yìí jáde pẹ̀lú 225/75R15, àwọn mìíràn pẹ̀lú 265/70R16; nọ́ńbà tó kẹ́yìn ni ìwọ̀n ríìmù ní íńṣì. Bí tiyín bá jẹ́ 16, ẹ lè fi 265/75R16 sí i láìgé nǹkan kan púpọ̀. Ohun tí ẹ máa jèrè kò ju mílímítà 13 lọ lábẹ́ ásù, ojú mítà á sì máa parọ́ díẹ̀: bó bá sọ pé 100, eré 103 lẹ wà. Bí ẹ kò bá fẹ́ ná sí i, ẹ má yí ìwọ̀n 265/70R16 tó wà níbẹ̀ padà. Bí tiyín bá jẹ́ 15, ẹ wá ríìmù 16 tòkúnbọ̀ oníhò mẹ́fà. Ti Prado àti Hilux sábà máa ń wọ̀ ọ́, àmọ́ kí ẹ gbé e wọ̀ ná kí ẹ tó sanwó. Ìdí tí mo fi fẹ́ 16 fún yín, màá sọ ọ́ níbi bíréèkì.

Ọ̀rọ̀ táyà tòkúnbọ̀: mo bẹ̀ yín. Lára táyà, lẹ́yìn lẹ́tà DOT, ẹ máa rí nọ́ńbà mẹ́rin tó parí rẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ ni ọ̀sẹ̀, méjì ìkẹyìn ni ọdún. 2314 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2014. Táyà tó ti lé ní ọdún mẹ́fà, bó ti wù kí eyín rẹ̀ ga tó, n kì í fi sí iwájú ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Rọ́bà ti gbẹ nínú, oòrùn oṣù kẹta àti ìkẹrin lápá àríwá kì í sì í ṣe ọ̀rẹ́ rọ́bà tó gbẹ. Ẹ wo ibi tí wọ́n kọ TEMPERATURE sí pẹ̀lú: A ló ń fara da ooru jù, C ló kéré jù. A ni kí ẹ wá.

Afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ni àtúnṣe tó rọjú jù lọ tí mo mọ̀ fún ọ̀nà oko. Lórí títì, ẹ lo 32 psi (ìwọ̀n afẹ́fẹ́ tí géèjì ń kà). Tí ẹ bá ti kúrò lórí títì, tí ilẹ̀ pupa bá ti di gàngà-gàngà bí ìfọṣọ onípákó, ẹ yọ ọ́ sí 25. Ọkọ̀ á rọ̀, ṣọ́ọ̀kì á sinmi, ẹ̀yìn yín náà á sinmi. Nínú iyanrìn etí odò, ẹ lè dé 16 tàbí 18: táyà á tẹ́ gbọọrọ, yóò máa léfòó lórí iyanrìn dípò kó máa gbẹ́ ilẹ̀. Àmọ́ kí ẹ má sáré lórí rẹ̀, kí ẹ má sì yí ọwọ́ ọkọ̀ lójijì, torí táyà lè yọ lára ríìmù. Ohun tí ẹ nílò ni géèjì kan àti ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ kékeré tó ń lo bátìrì ọkọ̀, kí ẹ lè fẹ́ ẹ padà kí ẹ tó gun títì. Ẹni tó bá fi 18 gun títì, táyà rẹ̀ á máa ká, á máa gbóná, á sì bẹ́.

Rédíétọ̀ yín ńkọ́? Ṣé èyí tó bá ọkọ̀ wá láti Amẹ́ríkà ṣì ni? Lára ọkọ̀ ọtọmátíìkì yìí, ọ́yìlì gíà máa ń gba inú páìpù kékeré kan tó wà nínú rédíétọ̀ kọjá kó lè tutù. Tí páìpù yẹn bá là, omi á wọ inú gíà, ọ́yìlì á sì wọ inú omi. Ẹ máa mọ̀ ọ́n: ẹ óò ṣí ìdérí rédíétọ̀, ohun tó wà níbẹ̀ á dà bíi kúnù tí wọ́n da sóbò sí. Nígbà tí ẹ bá fi máa rí i, gíà ti fẹ́ẹ̀ lọ, owó gíà sì ju owó rédíétọ̀ lọ jìnnà. Ẹ ra rédíétọ̀ tuntun. Tí ẹ bá ní díẹ̀ kún un, ẹ ra ohun ìtutù ọ́yìlì gíà tó dá dúró, kí wọ́n so ó síwájú rédíétọ̀, kí ọ́yìlì má wọ inú rédíétọ̀ mọ́ rárá. Ní ilẹ̀ òtútù, àwọn kan máa ń ṣiyèméjì lórí èyí, torí ọ́yìlì gíà nílò ooru díẹ̀ láàárọ̀. Abuja kọ́ ni wọ́n ń sọ. Ohun tí ẹ sì máa dà sínú rẹ̀, kí ó jẹ́ kúláńtì, kí ó má jẹ́ omi bọọ̀hóòlù, torí èyí tó bá ní èròjà ilẹ̀ púpọ̀ á dì sínú rẹ̀ bí ẹ̀gbẹ́ ìkòkò.

Mo wá dé ibi gbígbé sókè. Íńṣì mẹ́rin, rárá o. Ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sí wíìlì iwájú á tẹ̀ ju bó ti yẹ lọ, rọ́bà rẹ̀ á ya, bọ́ọ̀lù jọ́ìntì tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ á máa ru ẹrù tí kì í ṣe tirẹ̀, ọkọ̀ tó ti ga tẹ́lẹ̀ á sì máa fẹ́ dojú dé níbi tí ẹ bá ti yí i lójijì fún ọ̀kadà. Ẹ wo ẹ̀yìn ọkọ̀ yín dáadáa. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ lè búra pé ó ti jókòó. Sípíríìǹgì ẹ̀yìn 4Runner yìí kì í pẹ́ kó tó sọ agbára nù, ẹ̀yin sì ń kó iṣu lé e. Àpò ajílẹ̀ mẹ́wàá jẹ́ kílò 500, ìyẹn jẹ́ bí ẹni kó àgbà ọkùnrin mẹ́fà sínú búùtù. Sípíríìǹgì ẹ̀yìn tuntun tó nípọn ju ti tẹ́lẹ̀ díẹ̀, pẹ̀lú ṣọ́ọ̀kì tuntun mẹ́rin, yóò dá ọkọ̀ padà sí gíga tó wà nígbà tó jáde ní ilé iṣẹ́, ó sì ṣeé ṣe kí ẹ fi íńṣì kan jèrè lórí rẹ̀. Ṣọ́ọ̀kì kì í ṣe ohun tí à ń rà tòkúnbọ̀. Èyí tó dà bí ẹni pé ó le lọ́wọ́, ẹ gbé e gba ọ̀nà gàngà fún ogún ìṣẹ́jú, ọ́yìlì inú rẹ̀ á gbóná, kò ní dì í mú mọ́.

Bíréèkì: díìsì àti páàdì tuntun níwájú, ọ́yìlì bíréèkì tuntun. Bí ẹ bá ṣì rí i pé kò dúró dáadáa pẹ̀lú ẹrù, caliper (ohun tó ń fún páàdì mọ́ díìsì) iwájú Toyota Tundra ọdún 2000 sí 2002 pẹ̀lú díìsì tirẹ̀ wọ 4Runner yín, ẹ kàn máa gé awẹ́ irin tó wà lẹ́yìn díìsì díẹ̀ ni. Ríìmù 15 kò lè bò ó, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ wá 16.

Nǹkan kan wà tó jẹ́ pé owó rẹ̀ kò tó owó ìpápánu, tí kò sẹ́ni tó ń sọ ọ́ fún àwọn tó ń la odò kọjá. Lókè ásù ẹ̀yìn yín, ihò mímí kékeré kan wà. Nígbà tí ẹ bá ti rìn dé odò, ọ́yìlì inú rẹ̀ ti gbóná. Bó bá bọ́ sínú omi tútù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á fún pọ̀, á sì fa omi wọlé láti ojú ihò yẹn. Lẹ́yìn òjò kan, ọ́yìlì á ti funfun bíi mílíìkì, bérìn á sì bẹ̀rẹ̀ sí í hu. Ẹ ra rọ́bà tíńrín tí wọ́n fi ń gbé epo kọjá nínú ọkọ̀, ẹ so ó mọ́ ihò náà, ẹ gbé orí rẹ̀ dé ẹ̀yìn iná ẹ̀yìn. Iṣẹ́ wákàtí kan ni. Ti iwájú náà bẹ́ẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo lẹ lo fó-wíìlì kẹ́yìn? Bó bá ti tó ọdún kan, ó lè ti há. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, lórí ilẹ̀ eléruku, kí ó má ṣe jẹ́ lórí ọ̀dà, ẹ fi sí 4H (fó-wíìlì tó ń sáré), ẹ rìn díẹ̀, ẹ fi sí 4L (fó-wíìlì tó ń rọra lọ, tó lágbára), ẹ rìn díẹ̀. Ẹ kò gbọ́dọ̀ ṣe é lórí títì gbígbẹ, torí ibi tí ẹ bá ti yí ọwọ́ ọkọ̀, gíà inú rẹ̀ á máa fa ara wọn ya.

Winch? Owó rẹ̀, owó bọ́ńpà tó máa gbé e, àti ìwúwo méjèèjì lórí ẹsẹ̀ iwájú tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ tún ṣe. Ẹ fi sílẹ̀. Okùn fífà tó gbọ̀ọ̀rọ̀, tó sì le, ṣọ́bìrì, pákó méjì tó nípọn, àti ìwọ̀ irin tí wọ́n de mọ́ férémù níwájú àti lẹ́yìn, ìyẹn tó fún ọ̀nà Rubochi. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni so okùn mọ́ bọ́ọ̀lù tí wọ́n fi ń fa tírélà láti fi yọ ọkọ̀ tó rì. Bí bọ́ọ̀lù yẹn bá já, á fò bí ọta ìbọn, ó sì ti pa ènìyàn.

Iná LED orí ọkọ̀: nínú eruku ọyẹ́, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á kàn padà sí ojú yín ni. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọ ike iná iwájú tó ti pọ́n, kí wọ́n fi rílè àti wáyà tó nípọn gbé iná tààrà láti bátìrì wá sí gílóòbù. Ìyàtọ̀ rẹ̀ á yà yín lẹ́nu. Fílítà afẹ́fẹ́, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ nígbà tí ọyẹ́ bá parí, ẹ má sì jẹ́ kí fọ́kanáísà fi ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ ńlá fẹ́ ẹ. Ìwé rẹ̀ á lu ihò tí ojú kò rí.

Fún ti Àjíǹde: bọ́ọ̀lù jọ́ìntì, rédíétọ̀ àti táyà ni kó ṣáájú. Sípíríìǹgì lè dúró di ìgbà tí ẹ bá dé, bí ẹ kò bá kó ẹrù tó pọ̀. Ẹ kúrò ní Kubwa ní aago mẹ́fà àárọ̀, kí ẹ lè ti kọjá Kàbà kí oòrùn tó mú. Tí ẹ bá dúró ní Lọ́kọ́ja, kí ẹ tó jẹun, ẹ yí ọkọ̀ ká, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ àárín ríìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí ooru ọ̀tún àti òsì bára mu. Bí ọ̀kan bá gbóná ju èkejì lọ débi pé ọwọ́ kò gbà á, bíréèkì rẹ̀ ń dì mú tàbí bérìn rẹ̀ ti ń lọ. Ẹ wá mẹkáníìkì níbẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, nígbà tí ilẹ̀ ṣì mọ́, kí ẹ tó kọrí sí Ọbajana.